Aláàárù Ni Mo Pe Bàbá Tó Bí Mi

Oṣù mẹ́ta rèé tí a ti sin bàbá mi sí ẹ̀gbẹ́ ilé rẹ̀ ní abúlé wa, lọ́nà Moretan ní ilẹ̀ Togo. Àwọn tó ń wá kí wa rí i pé n kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ mọ́, wọ́n sì rò pé ikú ló bà mí nínú jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n á ní kí n mọ́kàn le, pé bàbá gbó, ó tọ́, ó rí ọmọ-ọmọ kó tó lọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ikú rẹ̀ kò rẹ́ mi jẹ. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ti wà níbẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án kí ikú tó dé. Gbólóhùn kan ni. Èdè Ewé, ti àwọn ará ìsàlẹ̀ ilẹ̀ wa, ni mo fi sọ ọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ kan ní Notsé, kò sì gùn ju ohun tí ènìyàn lè sọ kó tó dá itọ́ mì lọ. Mo ti jẹ́wọ́ rẹ̀ fún fadá. Fadá ní Ọlọ́run ti dárí jì mí, mo sì gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ṣé etí Ọlọ́run ni mo sọ ọ̀rọ̀ náà sí ni? Ẹ̀yin tí mo ń bá sọ̀rọ̀ yìí, ẹ jẹ́ kí n tẹ́ ẹní ká jọ jókòó. Mo fẹ́ rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò ní bu iyọ̀ sí i, n kò sì ní yọ ẹ̀gún inú rẹ̀ kúrò.

Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Iṣu, àgbàdo àti ẹ̀wà ló ń gbìn, ó sì ń bọ òrìṣà ìdílé rẹ̀ láìfi pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọkùnrin gíga ni, ó kọlà sójú gẹ́gẹ́ bí àwọn ará wa, aṣọ ìbora kan ló máa ń so mọ́ ọrùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì mọ bàtà. Nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tó ti di onígbàgbọ́ ní Atakpamé ránṣẹ́ pé kí wọ́n mú mi wá sí ilé ìwé àwọn fadá. Àwọn ẹbí bàbá mi kọ̀ jálẹ̀, wọ́n ní ilé ìwé máa ń jí ọmọ gbé. Bàbá mi ló dá wọn lóhùn pé ọmọ tí ènìyàn bá tọ́ dáadáa, kò sí ẹni tó lè jí i gbé lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko la fi rìn. Níbi tí odò bá ti jìn, èjìká rẹ̀ ni mo máa ń gùn.

Mo kàwé, mo sì mọ̀ ọ́n. Ìgbà tí mo fi máa pé ọdún méjìlélógún, mo ti di tíṣà kékeré ní ilé ìwé kan nítòsí Atakpamé, mo ń wọ ṣòkòtò funfun, mo ń dé àkẹtẹ̀ líle tí àwọn òyìnbó fi ń dènà oòrùn. Ọ̀gá ilé ìwé wa jẹ́ òyìnbó Faransé kan tí gbogbo wa ń pè ní Dírẹ́tọ̀. Kò sí ìkà nínú rẹ̀, ó kàn le ni, ó sì fẹ́ràn ìwé ju oúnjẹ lọ. Òun nìkan ló lè kọ lẹ́tà tí yóò gbé tíṣà kékeré bí èmi dé ilé ìwé ńlá etí òkun, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ àgbà. Lẹ́tà yẹn ni mo ń lá lóru, òun náà ni mo ń rò lọ́sàn-án. Nígbà tí mo wọṣẹ́, wọ́n fún mi ní ìwé kan láti kọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́ sí. Mo kọ ọ́ pé onígbàgbọ́ ni, pé ó ní oko kọfí ńlá lórí òkè. Ta ló rán mi? Kò sẹ́ni tó fi ọ̀bẹ sí mi lọ́rùn. Ọmọ akọ̀wé àti ọmọ kátíkísì, àwọn tó ń kọ́ni ní ìgbàgbọ́, ni àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi, n kò sì fẹ́ jẹ́ èmi nìkan tí bàbá rẹ̀ ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán wọ ọjà Atakpamé. Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Irọ́ kì í dá gbé. Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀.

Nígbà tí ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ dé lọ́dún náà, tí àwọn ọmọ ilé ìwé ti padà sóko, Dírẹ́tọ̀ pè mí. Ó ní òun fẹ́ fi mọ́tò òun rìn kiri agbègbè wa fún bí ọjọ́ mẹ́wàá, kí òun wo àwọn ibi àtijọ́, kí òun sì kọ ìtàn wọn sínú ìwé tí àwọn ọmọ yóò máa kà. Inú àgọ́ la ó máa sùn. A ó kọ́kọ́ lọ sí Kamina, níbi tí àwọn Jámánì tó jọba lé wa lórí kí Faransé tó dé ti ri òpó irin gígùn mọ́lẹ̀ kí wọ́n lè máa bá ìlú wọn sọ̀rọ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà Notsé, nítorí odi amọ̀ àtijọ́. Lẹ́yìn náà a ó padà gba Anié kọjá lọ sí Moretan, ká lọ wo òkè kan tí àwọn baba ńlá wa sá sí nígbà tí ogun ń kó ènìyàn. Èmi ni ògbufọ̀. Ó ní kí n wá àgbàlagbà kan tó ṣiṣẹ́ ní Kamina láyé Jámánì, tó lè tọ́ka sí nǹkan. Ó tún sọ pé bí ìrìn náà bá dára, òun yóò kọ lẹ́tà mi kí ilé ìwé tó wọlé.

Ta ló mọ Kamina tó bàbá mi? Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ń ṣán igbó ibẹ̀ ni wọ́n ti mú un lọ, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ tí àwọn Jámánì fọwọ́ ara wọn bi àwọn òpó náà ṣubú, nígbà tí ogun ń bọ̀ wá bá wọn. Mo lọ sílé, mo sọ fún un. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí.

“Ṣé ó máa ṣe ọ́ láǹfààní?”

“Ó máa ṣe mí láǹfààní púpọ̀, Bàbá.”

“Ó parí. Nígbà wo la ń lọ?”

Ó fọ aṣọ ìbora rẹ̀, ó sá a sórí koríko, ó sì tẹ̀ lé mi. Nígbà tí a dé iwájú Dírẹ́tọ̀, mo sọ ní èdè Faransé pé, “Bàbá àgbà kan láti agbègbè wa rèé, ó mọ gbogbo ọ̀nà.” Bàbá mi kò gbọ́ Faransé. Ó gbọ́ tí mo ń sọ̀rọ̀, ó rí i tí mo nawọ́ sí òun, ó sì rò pé mo ń fi òun hàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ ṣe ń fi bàbá hàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ọwọ́ òyìnbó náà. Ẹ̀rín yẹn, n kò lè ṣàlàyé bó ṣe máa ń padà wá bá mi.

Àwa mẹ́rin la lọ: Dírẹ́tọ̀ tó ń wa mọ́tò fúnra rẹ̀, èmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bàbá mi àti Kòfí tó ń dáná fún Dírẹ́tọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú àgọ́ àti ìkòkò. Ọmọ Ewé ni Kòfí, ó jẹ́ ọkùnrin tó ń sọ ohun tí ojú rẹ̀ bá rí. Ìgbà òjò ni. Ìkùukùu bo orí àwọn òkè Atakpamé, ọ̀nà pupa rọ̀ bí ẹ̀kọ. Kò jìn tí a fi dé Kamina. Ẹ ò bá rí ibẹ̀. Irin tó ga ju ìrókò márùn-ún tí a tò lérí ara wọn ti wó lulẹ̀, ó tẹ́ sínú koríko, ìtàkùn ti gùn ún. Àwọn ẹ̀rọ ńlá ti fọ́, òjò sì ti sọ wọ́n di pupa. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í rìn láàárín wọn bí ẹni tó ń rìn nínú ilé rẹ̀. Ó fi ibi tí wọ́n ń tò sí fún oúnjẹ hàn wá. Ó fi ibi tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọmọ Ewé láti ìsàlẹ̀, ti kọ́ ọ ní èdè rẹ̀ hàn wá, nítorí pé okùn kan náà ni àwọn méjèèjì jọ ń fà. Ó wá dúró nídìí òkìtì kan.

“Sọ fún un,” ó ní, “pé níbí la sin àwọn tí irin wó pa àti àwọn tí ibà pa sí. A kò rí ẹní fi dì wọ́n. Mo ṣì mọ orúkọ mọ́kànlá nínú wọn. Sọ fún un pé ẹnikẹ́ni kò bi wá bóyá a fẹ́ wá. Sọ fún un pẹ̀lú pé nígbà tí Faransé dé, a rò pé ó ti tán. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mọ́tò rẹ̀ ń gbà yìí, àwa náà ni wọ́n mú wá là á. Fìlà orí ọ̀gá ló yí padà, ọrùn tó ń ru ẹrù kò yí.”

Dírẹ́tọ̀ ti mú gègé lọ́wọ́, ó ń wò mí. Mo rò ó lọ́kàn mi pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí i nínú, lẹ́tà mi yóò sì bá a lọ. Mo la ẹnu, mo ní: “Ó sọ pé iṣẹ́ náà le láyé Jámánì, pé àwọn kan kú. Ó ní láti ìgbà tí Faransé ti dé, ìtura ti dé bá wọn, inú wọn dùn sí ọ̀nà tuntun.” Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó mi orí. Bàbá mi náà mi orí, nítorí ó rí i pé wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ òun. A pàgọ́ síbẹ̀ lọ́jọ́ náà, mo sì sùn dáadáa. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyẹn nígbà tí mo bá rántí rẹ̀, pé mo sùn.

Ọjọ́ kejì la dé Notsé. Àgbàlagbà kan níbẹ̀ mú wa lọ wo ohun tó kù nínú odi náà, ó sì rò ó fún wa pé ọba ìkà kan ló fi dandan mú àwọn ènìyàn po amọ̀ náà pẹ̀lú ẹ̀gún nínú. Pé nígbà tí wọ́n dá ògiri lu tí wọ́n sì ń sá lọ, ẹ̀yìn ẹ̀yìn ni wọ́n ń rìn, kí ẹni tó bá ń wá ipasẹ̀ wọn lè rò pé wọ́n ń wọlé ni. Dírẹ́tọ̀ kọ gbogbo rẹ̀. A pàgọ́ sábẹ́ igi kan nítòsí, a sì lo ọjọ́ méjì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì tí a lò níbẹ̀, Kòfí ra ẹja tútù láti ọjà, ó sè é. Bàbá mi ló bu tèmi fún mi, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe láti ìgbà tí mo ti wà ní kékeré: ó yọ ẹran ikùn ẹja tí kò ní egungun, ó gbé e sí àwo mi, ó sì mú orí fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ, ó lọ sí ẹ̀yìn àgọ́ láti fa okùn rẹ̀ le, nítorí òjò ń ṣú. Kòfí ń fọ àwo. Ó wò mí, ó ní ní èdè Ewé:

“Tíṣà, bàbá yẹn, ṣé bàbá rẹ ni? Mo ti ń wò ó láti ọjọ́ mẹ́ta. Ènìyàn kì í bu ẹja báyẹn fún ọmọ ọlọ́mọ.”

Dírẹ́tọ̀ kò jìnnà sí wa. Ó gbọ́ Ewé díẹ̀díẹ̀. Mo rántí ìwé tí mo kọ, onígbàgbọ́ olóko kọfí. Mo dá Kòfí lóhùn, mo sì rẹ́rìn-ín sí i kó lè rí bí ẹ̀fẹ̀:

“Rárá o. Aláàárù wa ni.”

Ẹ má ṣe jẹ́ kí n parọ́ fún ẹ̀yin náà kí n ní mo gbàgbé pé bàbá mi gbọ́ Ewé. Ọjọ́ kẹta ṣáájú ló sọ ọ́ fún wa ní Kamina. Mo mọ̀. Mo kàn rò pé òjò tó ń bọ̀ àti afẹ́fẹ́ tó ń gbá aṣọ àgọ́ kò ní jẹ́ kó gbọ́. Okùn tó ń fà lẹ́yìn àgọ́ dúró. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Ẹyin lohùn, èyí tó bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ bó ṣe fọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo jáde nínú àgọ́. Bàbá mi ti dìde, ó ti di gbogbo ẹrù, ó sì dúró tì wọ́n. Gẹ́gẹ́ bí ìṣe, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, mo ní, “Ẹ káàárọ̀, Bàbá.” Ó tẹ orí ba, ó ní:

“Ẹ káàárọ̀, Tíṣà. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ẹrù yín ti wà ní sẹpẹ́.”

Ẹ̀yin Yorùbá, ẹ mọ ohun tí mo gbọ́. Bàbá tó bí mi, tí irun rẹ̀ ti funfun, ló ń pe èmi ọmọ rẹ̀ ní “ẹ”, tó ń pe ẹrù mi ní “ẹrù yín”. Kò bínú, kò fi ẹnu ṣá mi, kò sì rẹ́rìn-ín yẹ̀yẹ́. Ó sọ ọ́ bí aláàárù ṣe ń sọ ọ́ fún ẹni tó gbà á síṣẹ́. Ó gbé àpótí tó wúwo jù lé orí, ó sì rìn lọ síbi mọ́tò. Mo sáré tẹ̀ lé e, mo ní kó jẹ́ kí n gbà á. Ó ní, “Ẹ fi sílẹ̀, Tíṣà, iṣẹ́ mi ni.” Nígbà oúnjẹ, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwo fún mi, ó sì lọ jẹ tirẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò. Báyẹn la ṣe rìn láti Notsé padà sókè. A kọjá Atakpamé láìdúró. Kí a tó dé Anié, ẹrẹ̀ mú mọ́tò. Bàbá mi ló wọnú ẹrẹ̀ dé orúnkún, tó ń kó àpótí jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Dírẹ́tọ̀ yìn ín, ó ní kí n sọ fún un pé òṣìṣẹ́ dáadáa ni. Mo sọ ọ́ fún un. Bàbá mi ní, “Ẹ bá mi kí wọn, Tíṣà.”

Etí odò Anié la pàgọ́ sí ní ọ̀sán ọjọ́ náà. Moretan ló kù. Bàbá mi pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Tíṣà, mo fẹ́ gbààyè lọ́wọ́ yín,” ó ní. “Bí a bá dé agbègbè wa lọ́la, àwọn ènìyàn á jáde wá kí mi. Wọ́n á pè mí ní bàbá yín níwájú òyìnbó. Ojú á tì yín. Ẹ jẹ́ kí n yà níbí, kí n gba ọ̀nà oko lọ sílé. Ẹ sọ fún un pé ẹsẹ̀ ń dùn mí.”

Ẹni tí mo tà ló ń wá ọ̀nà láti bò mí láṣìírí. Ohun kan wá le gírígírí nínú mi, kò sì tíì rọ̀ títí di òní. Mo sọ fún ara mi pé ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn kò gbọdọ̀ bá irọ́ náà láyé. Mo di ọwọ́ bàbá mi mú, mo fà á lọ síwájú tábìlì tí Dírẹ́tọ̀ ti ń kọ̀wé, mo sì pe Kòfí pẹ̀lú. Mo sọ ọ́ ní Faransé, mo sọ ọ́ ní Ewé, mo sọ ọ́ ní èdè wa: “Bàbá mi rèé. Òun ló bí mi. Kò ní oko kọfí, kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, aláàárù ẹnikẹ́ni kọ́ sì ni. Mo parọ́.”

Dírẹ́tọ̀ gbé gègé sílẹ̀. Ó wo bàbá mi, ó wò mí.

“Ohun tó sọ ní Kamina ńkọ́?” ó bi mí.

Mo sọ ọ́ fún un bí bàbá ṣe sọ ọ́, láti orí òkìtì títí dé orí fìlà ọ̀gá. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó pa ìwé rẹ̀ dé. “Bàbá tèmi ń da màlúù,” ó ní. “N kò bá ti fi tìrẹ bú ọ. Èyí tí o parọ́ rẹ̀ fún mi ni àwọn ọ̀gá mi á gbà kí n tẹ̀ sínú ìwé ọmọdé. Òtítọ́ rẹ̀, wọn kò ní gbà. Ṣùgbọ́n n kò lè kọ lẹ́tà fún ẹni tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ báyẹn.” Mo ní mo gbọ́, mo sì dúpẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bọ bàbá mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí pé ti àkọ́kọ́ kò ka. Ó dìde, ó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kòfí ń wo ilẹ̀. Bàbá mi yíjú sí mi, ó ní, “Mo gbọ́, Tíṣà. Ẹ ṣeun.”

Ẹ gbọ́ ọ báyìí: “Ẹ ṣeun.”

Mo fi mọ́tò sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo di ẹní àti aṣọ bàbá mi pọ̀ mọ́ ẹrù tèmi, mo gbé gbogbo rẹ̀ lé orí, mo bọ́ bàtà nítorí ẹrẹ̀, a sì gba ọ̀nà oko. Ọrùn mi kò mọ ẹrù mọ́, ó ń dùn mí bí ẹni pé wọ́n ń lọ̀ ọ́. N kò sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Níbi ahéré tí a dúró sí kí òjò lè dá, mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ títí ohùn mi fi há. Ó gbé mi dìde. Ó ní, “N kò bá yín jà. Kò sí ohun tí mo dì sínú. Ọmọ mi ni mò ń wá. Bí mo bá rí i, mo máa pè é.”

Mo pinnu níbẹ̀ pé yóò rí i. Bí ó gba ọdún, kó gbà á. Nígbà tí ilé ìwé wọlé, mo ní kí wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwé kékeré tó wà nítòsí abúlé wa, ibi tí kò sí tíṣà tó fẹ́ lọ. Àwọn ẹgbẹ́ mi rò pé orí mi ti dàrú. Lójoojúmọ́ tí mo bá ti lé àwọn ọmọ sílé, oko bàbá mi ni mò ń lọ. Mo kọ ebè pẹ̀lú rẹ̀, mo sì kó iṣu rẹ̀ jọ. Mo fẹ́ ìyàwó, òun ló sì sọ àwọn ọmọ mi lórúkọ. Mo ra ìwé kan, mo ní kó rò Kamina fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì kọ ọ́ bó ṣe ti ẹnu rẹ̀ jáde, pẹ̀lú orúkọ àwọn mọ́kànlá náà. Mo máa ń kà á sí i létí, níbi tí mo bá ti ṣìnà, á ní, “Ẹ padà, Tíṣà, kò rí bẹ́ẹ̀.” Ó ń bá mi jẹun, ó ń bá mi rẹ́rìn-ín. Ó máa ń yọ ikùn ẹja fún àwọn ọmọ mi. Inú rẹ̀ mọ́ sí mi, mo fi ọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n “ẹ” náà kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ tó máa kú, èmi ni mo gbé e rọ̀ mọ́ àyà mi kó lè mí. Ara ń ni ín. Ó ní, “Ẹ rọra, Tíṣà.” Kò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn.

Bóyá kò rí ọmọ náà. Bóyá ó rí i, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ ti gbó mọ́ “ẹ” náà. Ta ni mo fẹ́ bi?

Ẹ wá gbọ́ ohun tó mú mi jókòó tì yín. Ìyá mi kò mọ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bàbá mi kò sọ ọ́ fún un, èmi náà kò sọ ọ́. Gbogbo ọdún tó ń gbọ́ tí ọkọ rẹ̀ ń pe ọmọ rẹ̀ ní “ẹ”, ó rò pé nítorí ìwé tí mo kà ni. Ó sọ ọ́ di ohun ìyangàn. Ó ń sọ ọ́ lọ́jà Moretan, ó ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń wá kí i: “Ẹ wo irú ọmọ tí mo bí, tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ń bọ̀wọ̀ fún.” Nígbà tí bàbá kú, ọ̀rọ̀ yẹn ló ń tù ú nínú. Kátíkísì ìjọ wa ti gbọ́ ọ, ó sì fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọ̀dọ́ lọ́jọ́ ìrántí bàbá, ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí. Ó ní kí n dìde sọ̀rọ̀ lẹ́yìn òun.

Nínú ẹbí wa, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìkan ni mo fi ọ̀rọ̀ náà hàn. Ó sunkún. Lẹ́yìn náà ó ní kí n gbé e mì, kí n má ṣe fi òtítọ́ pa ìyá wa sórí ọkọ rẹ̀ tó kú, pé òtítọ́ tí kò lè jí òkú, kí ni à ń fi ṣe? Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀. Mo ti pinnu. Mo ti túmọ̀ ọ̀rọ̀ bàbá mi sódì lẹ́ẹ̀kan kí nǹkan lè dára fún mi. N kò ní jókòó kí wọ́n tún túmọ̀ rẹ̀ sódì lórí sàréè rẹ̀, kí èmi sì máa mi orí. Mo máa sọ ọ́. Bí mo ṣe máa sọ ọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí, ẹ̀yin tí ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ líle fún ìyá rí. Ṣé kí n mú un lọ sí yàrá ṣáájú, kí èmi àti òun nìkan jókòó? Tàbí kí n jẹ́ kó gbọ́ ọ níbi tí gbogbo ènìyàn wà, kó lè ní ọwọ́ tí yóò dì í mú?

Àti ẹ̀yin tí bàbá yín ṣì ń mí, tí ojú rẹ̀ ń tì yín nítorí aṣọ rẹ̀ tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀: ẹ pè é ní bàbá ní gbogbo èdè tí ẹ bá gbọ́, níwájú ẹni tí ẹ bẹ̀rù jù. Bí ẹ bá ń dúró de ìgbà tí yóò rọrùn, ìgbà náà kò ní dé.

Ìyá mi ti rán aṣọ tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ náà. Etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́, nítorí náà ó ti ní kí wọ́n gbé àga òun síwájú pátápátá, kí ọ̀rọ̀ kankan nínú ohun tí mo bá sọ má bàa fo òun ru.